Ìfẹ́ àti Ìwà Nínú Àwọn Ìwé Ìtàn Ìfẹ́ Àtijọ́

Ìbéèrè kan wà ní ìdí ọ̀pọ̀ ìtàn ìfẹ́ tó ti pẹ́ lọ́wọ́ òǹkàwé: ǹjẹ́ ẹni tí ìwà rẹ̀ kò dára lè nífẹ̀ẹ́ ẹlòmíràn ní tòótọ́? Bó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ìfẹ́ jẹ́ agbára kan tó ń wọ inú ẹni rere àti ẹni búburú bákan náà. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé púpọ̀ nínú ohun tí aráyé ń pè ní ìfẹ́, orúkọ lásán ló jẹ́. Láti ayé àwọn Gíríìkì ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Aristotle pín ìbárẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó wà nítorí èrè, èyí tó wà nítorí ìgbádùn, àti èyí tó wà nítorí ìwà rere àwọn tó ń bá ara wọn rẹ́. Ó ní ẹ̀kẹta yìí ló ń tọ́jọ́, torí pé èrè a máa tán, ìgbádùn a sì máa sú ni. Ṣùgbọ́n Plato, tó jẹ́ olùkọ́ rẹ̀, ti fi ìtàn mìíràn sí ẹnu Aristophanes nínú Symposium: pé odidi ni ẹ̀dá ènìyàn wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó là á sí méjì, tí oníkálukú sì wá ń wá ìdajì ara rẹ̀ kiri. Kò sí ọ̀rọ̀ ìwà nínú ìtàn yìí. Ìdajì ẹni ni ìdajì ẹni, ìbáà jẹ́ ẹni rere, ìbáà jẹ́ ìkà.

Èrò méjèèjì yìí ni àwọn òǹkọ̀wé àròsọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Rọ́ṣíà gbé lé ìwọ̀n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ lè sọ pé ìwà rere ni ìpìlẹ̀ ìfẹ́, kí ó sì kọjá lọ. Òǹkọ̀wé àròsọ kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Ó di dandan kí ó fi olólùfẹ́ sínú ilé tó jẹ gbèsè, sáàárín ẹbí tó ń dójú tini, sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn, kí ó sì jẹ́ kí ọdún gorí ọdún. Ibẹ̀ ni ìwà ti ń jáde síta, nítorí ìgbà tí nǹkan kò bá lọ bí ènìyàn ṣe fẹ́ ni a tó ń mọ irú ẹni tó jẹ́.

Jane Austen ni kí a kọ́kọ́ wò. Wọ́n bí i ní 1775 ní Steventon ní ẹkùn Hampshire, níbi tí baba rẹ̀ ti jẹ́ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà. Ní oṣù Kejìlá 1802, Harris Bigg-Wither, ọkùnrin tí yóò jogún ilé ńlá àti ilẹ̀ rẹpẹtẹ, ní kí ó fẹ́ òun. Ó gbà ní alẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní òun kò ṣe mọ́. Kò lọ́kọ títí ó fi kú ní 1817, ní ẹni ọdún 41. Obìnrin tó kọ irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ mọ ohun tí owó ń ṣe nínú ìgbéyàwó, kò sì sí ìwé rẹ̀ kan tí kò ti ka owó náà jáde. Nínú Pride and Prejudice, tó jáde ní oṣù Kìíní 1813 láìsí orúkọ rẹ̀ lára ìwé náà, ìdílé Bennet ń rí £2,000 lọ́dún, ọmọbìnrin márùn-ún ni wọ́n bí, bàbá wọn ò sì lè fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún wọn torí pé ìwé ogún ti yà á sọ́tọ̀ fún ìbátan wọn ọkùnrin, Ọ̀gbẹ́ni Collins. Ọ̀gbẹ́ni Darcy ń rí £10,000. Ẹni tó bá ka iye wọ̀nyí dáadáa yóò mọ̀ pé nígbà tí Elizabeth Bennet kọ̀ fún Darcy, kì í ṣe ọkùnrin kan nìkan ló kọ̀. Ààbò ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ wà nínú ohun tó kọ̀ náà.

Ìdí tó fi kọ̀ ni kókó ọ̀rọ̀. Darcy wá bá a ní Hunsford ní ẹkùn Kent, ó sọ ìfẹ́ rẹ̀ fún un, kò sì sí iyèméjì pé ìfẹ́ náà jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó sọ ló dá lórí ara rẹ̀: bó ṣe bá ọkàn rẹ̀ jà tó, bí ẹbí ọmọbìnrin náà ti rẹlẹ̀ tó, bí ohun tó ń ṣe yìí ti lòdì sí làákàyè òun. Elizabeth dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀sùn: ó ti ya ẹ̀gbọ́n òun àti Bingley, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ti fi ìyà jẹ Wickham, ọ̀dọ́mọkùnrin ológun kan, yàtọ̀ sí ìyẹn, kò hùwà bí ọmọlúàbí. Ní ọjọ́ kejì Darcy mú lẹ́tà kan fún un. Lẹ́tà náà kò bẹ̀bẹ̀, kò sì tún ní kí ó fẹ́ òun. Ó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Elizabeth kà á ní àkàtúnkà títí ó fi rí àṣìṣe tirẹ̀: ó gba Wickham gbọ́ torí pé Wickham pọ́n ọn lé, ó sì kórìíra Darcy torí pé Darcy kẹ́gàn rẹ̀ níbi ijó. Láàárín ọjọ́ méjì, àwọn méjèèjì gbọ́ òtítọ́ kíkorò nípa ara wọn, kò sì sí èyí tó tìtorí rẹ̀ di ọ̀tá. Nínú ìwé Austen, ẹni tí a lè bá wí ni ẹni tí ìfẹ́ lè ṣe ní oore. Collins kò ṣeé bá wí, Lydia, àbúrò Elizabeth, kò ṣeé bá wí, Lady Catherine, ìbátan Darcy, kò tilẹ̀ gbọ́ rí pé òun ṣe àṣìṣe.

Àwọn òǹkàwé kan máa ń sọ pé ilé ńlá Darcy tó wà ní Pemberley ló yí ọkàn Elizabeth padà, òun náà sì fi bẹ́ẹ̀ ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n ohun tí Austen fi sínú ilé náà tọ́ sí àkíyèsí. Ìyáàfin Reynolds, tó ń ṣe àbójútó ilé, ló ń mú àlejò káàkiri, ó sì ń sọ fún àwọn tí kò mọ̀ rí pé láti ìgbà tí ọ̀gá òun ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú lẹ́nu rẹ̀, àti pé àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ rẹ̀ kò ní ìkùnsínú sí i. Ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lábẹ́ àṣẹ ènìyàn ni Austen ti gba ẹ̀rí ìwà rẹ̀, ó sì tọ̀nà láti ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò tó le jùlọ dé. Wickham mú Lydia, ọmọ ọdún 16, sá kúrò ní Brighton. Darcy lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó wá wọn kàn, ó san gbèsè Wickham tó ju £1,000 lọ, ó tún fi £1,000 mìíràn sí orúkọ Lydia, ó sì ra ipò ológun fún ọkùnrin náà kí ó lè gbé ọmọbìnrin náà níyàwó. Wickham yìí kan náà ti gbìyànjú láti mú Georgiana, àbúrò Darcy, lọ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 15 nítorí £30,000 rẹ̀. Ẹni tí Darcy kórìíra jùlọ láyé ló jókòó tì láti bá dúnàá dúrà. Ó sì bẹ àwọn Gardiner, ìbátan Elizabeth, pé kí Elizabeth má gbọ́ sí i.

Bí a bá wá béèrè pé ṣé ìfẹ́ ló yí ìwà Darcy padà, ẹ̀rí Ìyáàfin Reynolds kò jẹ́ kí a dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni láìronú. Oore ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí oore náà kọjá ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ìfẹ́ kò fún un ní ìwà tuntun. Ó lé ohun tó dí ọ̀nà kúrò, ó sì ṣe é nípasẹ̀ ìkọ̀sílẹ̀, torí pé ká ní Elizabeth gbà ní Hunsford ni, Darcy ì bá wà bó ṣe wà.

Persuasion, tó jáde ní òpin 1817 lẹ́yìn ikú Austen, lọ jìnnà ju èyí lọ. Anne Elliot jẹ́ ẹni ọdún 27. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 19, ó gbà láti fẹ́ Frederick Wentworth, ọ̀gá ológun ojú omi tí kò tíì ní owó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Lady Russell, tó dà bí ìyá fún un, ní kí ó jáwọ́, ó sì gbọ́ràn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ Wentworth padà pẹ̀lú £25,000 àti ìbínú. Lójú rẹ̀, ìgbọràn Anne jẹ́ àìlera ọkàn, ó sì ní obìnrin tí ọkàn rẹ̀ le ni òun ń wá. Ó rí ọ̀kan: Louisa Musgrove, tó fò láti orí àtẹ̀gùn odi etí òkun ní Lyme torí pé ó ti pinnu láti fò, tó sì fi orí gbá ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Wentworth ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdúróṣinṣin àti orí kunkun. Nígbà tí Anne àti Ọ̀gágun Harville, ọ̀rẹ́ Wentworth, ń jiyàn lórí ẹni tó ń pẹ́ nínú ìfẹ́ láàárín ọkùnrin àti obìnrin, ohun kan ṣoṣo ni Anne gbà fún àwọn obìnrin: pé wọ́n lè máa nífẹ̀ẹ́ lọ nígbà tí ìrètí ti tán. Wentworth ń gbọ́ ọ níbi tó ti ń kọ lẹ́tà, ìyókù sì ti di ìtàn tí ọ̀pọ̀ mọ̀. Ohun tí wọn kì í sábà fà yọ ni ọ̀rọ̀ tí Anne sọ lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí: pé ìmọ̀ràn Lady Russell kò tọ̀nà, síbẹ̀ òun tọ̀nà láti gbọ́ràn, nítorí pé ẹ̀rí ọkàn òun ì bá máa dá òun lẹ́bi. Alasdair MacIntyre, nínú ìwé rẹ̀ After Virtue tó jáde ní 1981, ka Austen mọ́ àwọn tó kẹ́yìn nínú àwọn tó tọ ipa Aristotle lórí ìwà rere, ó sì fi ìdúróṣinṣin ṣe òpó tó di ìwà yòókù mú nínú àwọn ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Anne yìí nìkan tó láti fi gbè é lẹ́yìn.

Ìwé mẹ́ta tó kan ọ̀ràn yìí jáde láàárín oṣù mẹ́rin ní 1847, láìsí pé ẹni tó kọ ọ̀kan ní Denmark mọ àwọn tó kọ méjì yòókù. Ní oṣù Kẹsàn-án, Søren Kierkegaard, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Denmark tó ti já àdéhùn ìgbéyàwó òun àti Regine Olsen ní 1841, tẹ ìwé kan jáde ní Copenhagen lórí iṣẹ́ ìfẹ́. Ó ní ìfẹ́ olólùfẹ́ àti ìfẹ́ ọ̀rẹ́ sún mọ́ ìfẹ́ ara ẹni pẹ́kípẹ́kí, torí pé tèmi ni mo yàn nínú gbogbo ayé. Ìfẹ́ ọmọnìkejì tí Ọlọ́run pa láṣẹ nìkan ni kì í yí padà. Ní oṣù Kẹwàá, Jane Eyre jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lábẹ́ orúkọ Currer Bell. Ní oṣù Kejìlá, Wuthering Heights tẹ̀lé e lábẹ́ orúkọ Ellis Bell. Charlotte àti Emily Brontë ni wọ́n, ọmọ Patrick Brontë, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Haworth ní ẹkùn Yorkshire.

Wuthering Heights ló gbé ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí síwájú láìbo ojú rẹ̀. Àgbà Earnshaw rí ọmọ aláìnílé kan ní ìgboro Liverpool, ó gbé e wálé, ó sọ ọ́ ní Heathcliff. Nígbà tí bàbá náà kú, Hindley ọmọ rẹ̀ sọ Heathcliff di ìránṣẹ́. Catherine, ọmọbìnrin ilé náà, àti Heathcliff ti di ọ̀kan láti kékeré. Ní alẹ́ ọjọ́ kan Catherine ń sọ fún Nelly Dean, ìránṣẹ́ ilé náà, pé bí òun bá fẹ́ Heathcliff, òun rẹ ara òun sílẹ̀ nìyẹn. Heathcliff gbọ́, ó jáde lọ kí Catherine tó dé ibi tó ti sọ pé Heathcliff ni òun fúnra òun. Ìtàn Aristophanes gẹ́lẹ́ ni èyí: odidi kan tí wọ́n là sí méjì. Heathcliff lọ fún ọdún mẹ́ta, ó padà pẹ̀lú owó, ó bá Catherine nílé Edgar Linton, tó ti di ọkọ rẹ̀. Ìfẹ́ rẹ̀ kò dínkù. Lẹ́yìn tí Catherine ti kú fún nǹkan bí ọdún 18, ó ní kí agbẹ́lẹ̀ tú ẹ̀gbẹ́ pósí rẹ̀ sílẹ̀ kí ara àwọn méjèèjì lè dàpọ̀ nínú ilẹ̀ nígbà tí òun náà bá kú.

Kí ni ìfẹ́ ńlá yìí mú un ṣe? Ó fi tẹ́tẹ́ àti gbèsè gba ilé mọ́ Hindley lọ́wọ́. Ó fẹ́ Isabella Linton, àbúrò Edgar, láìnífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì so ajá rẹ̀ rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n jọ sá lọ. Ó kọ̀ láti jẹ́ kí Hareton, ọmọ Hindley, kọ́ ìwé, kí ọmọ náà lè rẹlẹ̀ bí wọ́n ṣe rẹ òun sílẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ Cathy, ọmọ tí Catherine bí, nígbà tí bàbá ọmọ náà ń kú lọ, ó sì fipá mú un fẹ́ ọmọ tirẹ̀ tí àìsàn ti sọ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ.

Ọ̀nà tó rọrùn ni láti sọ pé ẹni tó ṣe gbogbo èyí kò nífẹ̀ẹ́ rárá. Emily Brontë kò fi ààyè ìdáhùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ó jẹ́ kí a rí i pé Heathcliff nífẹ̀ẹ́, pé ìfẹ́ náà lágbára ju ti ẹnikẹ́ni nínú ìwé náà lọ, àti pé ìkà ni. Ibi tí àìsàn náà wà ni ọ̀rọ̀ tí Catherine sọ, èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbé gẹ̀gẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó ga jùlọ. Bí olólùfẹ́ mi bá jẹ́ èmi fúnra mi, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tí mo lè ṣoore fún, tí mo lè tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo lè jẹ́ kó lọ. Gbogbo ẹni yòókù láyé di ohun èlò. Ìfẹ́ Heathcliff sí Catherine kò tilẹ̀ ràn mọ́ ọmọ tí Catherine bí. Ibi tí Kierkegaard sọ pé ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ lè já sí gan-an ló já sí. Ohun tó dá ọwọ́ rẹ̀ dúró nígbẹ̀yìn ni pé Cathy àti Hareton gbójú sókè wò ó, ó sì rí ojú Catherine lára àwọn méjèèjì. Ó ní òun kò ní agbára láti parí iṣẹ́ ìgbẹ̀san náà mọ́.

Nínú ilé kan náà, ìfẹ́ mìíràn hù tí kò ní ariwo. Cathy ti máa ń fi Hareton ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé kò mọ̀ ọ́n kà. Nígbà tó yá, ó kábàámọ̀, ó fi bébà wé ìwé kan, ó fi ránṣẹ́ sí i, ó ṣèlérí pé òun yóò kọ́ ọ láti kà á. Ìtìjú, ẹ̀bẹ̀, ìdáríjì àti sùúrù ìkọ́ni: kò sí ọ̀kan nínú wọn láàárín Heathcliff àti Catherine. Àwọn òǹkàwé tó ń ti ìwé náà láìronú nípa àwọn ọmọ méjì yìí kò tíì ka ìdajì rẹ̀.

Jane Eyre gba ọ̀nà mìíràn. Jane jẹ́ ọmọ òrukàn, olùkọ́ ọmọ inú ilé ní Thornfield, Rochester sì ni ọ̀gá rẹ̀. Rochester nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi ìfẹ́ náà ṣeré: ó díbọ́n pé òun fẹ́ fẹ́ Blanche Ingram kí Jane lè jowú, ó wọ aṣọ bí aláfọ̀ṣẹ kí ó lè wádìí ọkàn rẹ̀. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, nínú ilé Ọlọ́run, ni àṣírí tú pé ó ní ìyàwó láàyè, Bertha Mason ará Jàmáíkà, tó tì mọ́ àjà òkè nítorí pé orí rẹ̀ ti dàrú. Rochester wá bẹ Jane pé kí wọ́n jọ lọ máa gbé ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Àríyànjiyàn tó lágbára jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tí yóò fara gbọgbẹ́: Jane kò ní bàbá, kò ní ẹbí tí ojú yóò tì. Ìdáhùn Jane ni pé òun ní ara òun, àti pé bí òun ti dá wà tó ni òun yóò ṣe bọ̀wọ̀ fún ara òun tó. Òfin Ọlọ́run kò wúlò bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí kò sí ìdánwò nìkan ni ènìyàn ń pa á mọ́. Ó jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Owó rẹ̀ tán sórí ọkọ̀, ó gbàgbé ẹrù rẹ̀ síbẹ̀, ó sùn sí pápá, ó sì jẹ ògì dídì tí wọ́n fẹ́ dà fún ẹlẹ́dẹ̀.

Kò sí ìgbà kan tó sọ pé òun kò nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà mọ́. Ìfẹ́ náà wà ní kíkún nígbà tó ń lọ. Òun ni ẹ̀dá ìtàn àkọ́kọ́ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí tó fi hàn pé ènìyàn lè pàdánù ẹni tó fẹ́ láìjẹ́ kí ẹlòmíràn san owó àdánù náà. Ohun tó sọ Heathcliff di ìkà ló sọ Jane di ẹni tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Charlotte Brontë sì tún dán an wò láti ìhà kejì. St John Rivers, àlùfáà tó gbà á sílé, tó sì wá di ìbátan rẹ̀, ní kí ó fẹ́ òun kí wọ́n jọ lọ ṣe iṣẹ́ ajíhìnrere ní Íńdíà. Kò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì díbọ́n; ó ní iṣẹ́ Ọlọ́run ló nílò rẹ̀. Jane gbà láti lọ gẹ́gẹ́ bí arábìnrin, ó kọ̀ láti jẹ́ ìyàwó. Ìwà St John kò ní àbàwọ́n, Brontë sì bọ̀wọ̀ fún un títí dé ojú ewé tó kẹ́yìn. Síbẹ̀ ó hàn gbangba pé ìwà mímọ́ tí kò ní ìfẹ́ lè pa ènìyàn bí ìfẹ́ tí kò ní ìwà ti lè pa á. Nígbà tí Elizabeth Rigby kọ ọ́ nínú Quarterly Review ní 1848 pé ìwé náà lòdì sí ẹ̀sìn Kristi, ó dà bí ẹni pé kò rí bí ẹ̀sìn ti jinlẹ̀ tó nínú ọ̀nà tí Jane gbà kúrò ní Thornfield.

Àléébù kan wà nínú ìwé náà tí kò yẹ kí a fojú fò. Púpọ̀ jùlọ nínú ohun tí a mọ̀ nípa Bertha, ẹnu Rochester la ti gbọ́ ọ, Rochester sì gba £30,000 pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tó fẹ́ ẹ. Ní 1966, Jean Rhys, tí wọ́n bí ní erékùṣù Dominica, tẹ Wide Sargasso Sea jáde, ó sì fún obìnrin náà ní ìgbà èwe àti ohùn tirẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ ìwà ọkùnrin nínú ìfẹ́, ó yẹ kí a bi í léèrè bó ṣe ṣe sí ẹni tí kò fẹ́ mọ́. Brontë gbọ́ ìbéèrè náà díẹ̀: inú iná tó jó Thornfield ni Rochester ti gbìyànjú láti gba Bertha là kí ó tó pàdánù ọwọ́ kan àti ojú rẹ̀.

George Eliot, ẹni tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Mary Ann Evans, tẹ Middlemarch jáde ní apá mẹ́jọ láàárín 1871 àti 1872. Ohun tó fi kún ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò dìgbà tí ènìyàn bá burú kí ìfẹ́ tó bàjẹ́. Dókítà Lydgate àti Rosamond Vincy kò burú. Ìgbéraga kékeré àti ìfẹ́ ohun mèremère ló wà lára wọn, gbèsè sì ṣe ìyókù. Ọkùnrin tó fẹ́ ṣe àwárí ńlá nínú ìmọ̀ ìṣègùn parí ayé rẹ̀ sídìí ìtọ́jú àwọn olówó. Dorothea Brooke ní tirẹ̀ fẹ́ Casaubon, tó dàgbà jù ú lọ púpọ̀, nítorí ìwé tó rò pé ó ń kọ, ó sì gba àkókò kí ó tó yé e pé ọkùnrin náà ní inú tirẹ̀, ó ní ẹ̀rù tirẹ̀, pé wọn kò dá a sáyé láti wá mú àlá òun ṣẹ. Lẹ́yìn ikú Casaubon, Dorothea bá Will Ladislaw, tó nífẹ̀ẹ́, pẹ̀lú Rosamond nínú ilé, ó sì rò pé wọ́n ń fẹ́ra. Ó sunkún di ọ̀gànjọ́ lórí ilẹ̀ yàrá rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí àwọn yòókù ń là kọjá, ó wọ aṣọ rẹ̀, ó padà lọ ran Rosamond lọ́wọ́ kí ìgbéyàwó rẹ̀ má bàa tú. Nínú gbogbo ìwé tí a ti mẹ́nu bà, kò sí ìwà tó ga ju ti òwúrọ̀ yẹn lọ.

Anna Karenina, tí Leo Tolstoy kọ, jáde nínú ìwé ìròyìn Rọ́ṣíà láàárín 1875 àti 1877. Ó mú ọ̀rọ̀ kan láti inú lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù fi síwájú ìwé náà, pé ti Ọlọ́run ni ẹ̀san. Àwọn kan ní ìkìlọ̀ fún ẹlẹ́ṣẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ní ó ń sọ fún aráyé pé kí wọ́n má ṣe ìdájọ́. Ìtàn náà ti èrò kejì lẹ́yìn ju èkíní lọ. Stiva Oblonsky, ẹ̀gbọ́n Anna, ṣe panṣágà pẹ̀lú olùkọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, kò sì sí ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Anna fi ọkọ rẹ̀ àti Seryozha ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ tọ Vronsky lọ. Wọ́n ń gba Vronsky ní gbogbo ibi, wọ́n sì bú Anna ní ojúkorojú ní ilé eré. Ìfẹ́ Anna kì í ṣe ẹ̀tàn, Vronsky pàápàá fi iṣẹ́ ológun rẹ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gba ọmọ, ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, ìfẹ́ nìkan ló kù tó ń gbé ẹrù ayé rẹ̀, ẹrù náà sì pọ̀ jù. Ìfẹ́ di ìbéèrè lójoojúmọ́, ìbéèrè di owú, owú sì gbé e dé ojú irin. Karenin ọkọ rẹ̀, ẹni tó le bí òkúta, ló dárí jì í níbi ibùsùn àìsàn, tó tilẹ̀ ń bẹ ọmọ tí Vronsky bí wò. Ọkùnrin kan náà ni àwọn ẹlẹ́sìn àárín ìlú Petersburg fi etí rẹ̀ sí ìsọkúsọ títí ó fi kọ̀ láti tú ìgbéyàwó náà ká. Ìwà kì í dúró lójú kan, ìdáríjì pàápàá lè jẹrà lọ́wọ́ ẹni.

Levin àti Kitty ni ìhà kejì ìtàn náà, àwọn ìwé ìfẹ́ mìíràn ì bá sì ti parí níbi ìgbéyàwó wọn. Tolstoy kò parí níbẹ̀. Kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, Levin fi ìwé ìrántí ojoojúmọ́ rẹ̀ fún Kitty, tó kún fún ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà ọ̀dọ́, gẹ́gẹ́ bí Tolstoy fúnra rẹ̀ ti ṣe fún Sophia Behrs, ọmọ ọdún 18, ní 1862. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ó dun ọmọbìnrin náà gan-an, ó sì yẹ kí a béèrè ẹni tí irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀ ń tù lára. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, Nikolai, ẹ̀gbọ́n Levin, ń kú lọ ní ilé àlejò eléèérí kan. Levin kò fẹ́ kí Kitty bá òun lọ. Kitty takú, ó lọ. Nínú orí kan ṣoṣo tí Tolstoy fún ní àkọlé nínú ìwé náà, tó pè ní Ikú, Levin tó ti ronú nípa ikú jù gbogbo wọn lọ kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Kitty ránṣẹ́ sí olóògùn, ó pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, ó ní kí wọ́n tún yàrá náà ṣe, ó ń bá aláìsàn náà sọ̀rọ̀, ó sì ń gbọ́ ohun tó ń sọ. Levin rí i nígbà náà pé ìyàwó òun mọ ohun kan tí òun kò mọ̀.

Ní ìparí ìwé náà Levin rí ìgbàgbọ́ tó ti ń wá. Ó rò pé gbogbo nǹkan yóò yí padà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi bínú sí Ivan tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀, ó sì gbà pé òun yóò ṣì máa bínú, òun yóò ṣì máa jiyàn, òun yóò sì máa dá Kitty lẹ́bi nítorí ẹ̀rù tòun kí òun tó kábàámọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ó ti mọ̀ pé ọwọ́ òun ni ó wà láti fi oore sínú ayé tí òun ń gbé.